Ìkòkò tí yóò jẹ ata: kí ló dé tó fi jẹ́ ìdí ló kọ́kọ́ ń gbóná?

Àbúrò, o kú iṣẹ́ o. O ní o ń kọ́ iṣẹ́ amọ̀ ní Àkúrẹ́, pé ìkòkò mẹ́ta bẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ nínú iná, ọ̀gá rẹ sì wí pé, "Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná." O wá ń bèèrè bóyá ìfaradà nìkan ni òwe náà ń wí.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ṣe ń tú u: ẹni tí yóò jadùn á kọ́kọ́ fojú winá. Orí ààrò ni òwe náà ti wá, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ kí ọ̀gá máa fi í bo ìyà tí kò tọ́ tó fi ń jẹ ọmọ iṣẹ́. Ìdí ìkòkò gbóná ni òwe wí, kò ní kó jóná.

Ìwọ tó o wà nídìí amọ̀, ọ̀rọ̀ "ìdí" yẹn ni kó o dì mú. Ìdí ló sábà máa ń nípọn jù, òun ló sì ń gbẹ kẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́ ìkòkò lè ti gbẹ kó funfun, kí omi ṣì sá pamọ́ sísàlẹ̀. Bí iná bá ká a mọ́ bẹ́ẹ̀, tí ooru kọjá ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, omi náà á hó, á fẹ̀, kò ní rọ́nà jáde, ìkòkò á sì bẹ́. Ọ̀pọ̀ ń di ẹ̀bi ru afẹ́fẹ́ tó há sínú amọ̀. Omi gan-an lọ̀daràn. Omi mìíràn tún wà tó so mọ́ amọ̀ fúnra rẹ̀, tí kì í kúrò àfi tí iná bá tó nǹkan bí ìwọ̀n 500. Ìgbà tíyẹn bá lọ tán ni amọ̀ ò ní lè yọ́ padà di ẹrẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, mọ ìdí kó má nípọn ju ẹ̀gbẹ́ lọ. Gún àpáàdì kúnná, kó o pò ó mọ́ amọ̀: ó ti la iná kọjá rí, kì í sún kì mọ́. Ibòji ni kó o sá a sí, kó o sì fún un lọ́jọ́ púpọ̀ lásìkò òjò Àkúrẹ́ yìí. Lẹ́yìn náà, yá a níná díẹ̀díẹ̀ kó o tó kó igi tì í. Bí àyè bá yọ, dé Ìṣàn-Èkìtì, kó o wo ọwọ́ àwọn ìyá amọ̀kòkò ibẹ̀.

Kó o tó sun òmíràn, gbé ìdí rẹ̀ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tó bá ṣì tutù, omi ṣì wà níbẹ̀.