Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ẹ fi agbára kún mọ́tò, ẹ má kùnà níbi àyẹ̀wò èéfín

Ìbéèrè tó wọlé lọ́tẹ̀ yìí jọra wọn bí ìbejì: mo pààrọ̀ nǹkan kan lára mọ́tò mi, ó ń sáré dáadáa, àmọ́ àwọn tó ń yẹ èéfín wò dá mi padà. A kó wọn jọ síbí. Ohun kan wà tí ẹ ó máa bá pàdé nínú gbogbo ìdáhùn náà. Bréènbọ́ọ̀sì mọ́tò, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, máa ń ka iye afẹ́fẹ́ tó wọ inú ẹ́ńjìnnì, á wọn epo tó máa bá a lọ, á wá gbóòórùn èéfín tó ń jáde láti mọ̀ bóyá òun ṣì í wọ̀n. Ohun tó bá da ìṣirò yẹn rú ló ń dá mọ́tò padà. Agbára tí ẹ fi kún un kọ́.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ tún mọ́tò mi ṣe díẹ̀díẹ̀: sálẹ́ńsà, ríìmù, sípíríǹgì àti fílítà afẹ́fẹ́. Èwo ló lè kó bá mi nínú wọn?

Ìdáhùn: Ẹ bẹ abẹ́ mọ́tò wò láti iwájú lọ sẹ́yìn. Lójú ọ̀nà èéfín, ẹ ó rí kátálíìsì, àpótí onírin tó ń fọ èéfín mọ́. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn kan, tí bréènbọ́ọ̀sì fi ń gbóòórùn èéfín, wà níwájú rẹ̀, òmíràn wà lẹ́yìn. Páìpù àti sálẹ́ńsà tó wà lẹ́yìn gbogbo kátálíìsì àti sẹ́ńsọ̀ kò kan àyẹ̀wò èéfín. Ariwo nìkan ni wọ́n lè torí ẹ̀ mú yín. (Àwọn mọ́tò kan ní kátálíìsì kejì lápá ẹ̀yìn díẹ̀ sí i. Ẹ má ṣe gé ìyẹn náà dànù.) Ríìmù àti sípíríǹgì ò kàn án rárá. Fílítà afẹ́fẹ́ ló gba ìṣọ́ra, torí ibi tí bréènbọ́ọ̀sì ti ń ka afẹ́fẹ́ gan-an ló wà.

Kí ẹ tó ná owó, ẹ wádìí irú àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe níbi tí ẹ forúkọ mọ́tò sílẹ̀ sí. Kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rọ ni wọ́n ń ti bọ ẹnu páìpù. Mọ́tò oní-pẹtiróòlù tó ní kátálíìsì, tí wọ́n kọ́kọ́ lò lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ọdún 2002, gbọ́dọ̀ ní CO (gáàsì olóró tó ń wá látinú epo tí kò jó tán) tí kò ju 0.2% lọ, HC (epo tí kò jó) tí kò ju 200 ppm lọ, ìyẹn 200 nínú mílíọ̀nù kan, àti lambda (ìwọ̀n afẹ́fẹ́ sí epo, tí 1 jẹ́ déédéé) láàárín 0.97 sí 1.03, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí nígbà 2,500 sí 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ní sílóò, ìyẹn láìtẹ àsẹlẹrétọ̀, CO kò gbọdọ̀ ju 0.3% lọ. Bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò náà bá ní iye tirẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Ní Kalifọ́níà, wọ́n tún ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò. Ẹ̀yà tí kì í ṣe ti àtilẹ̀wá tó sì kan èéfín gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà Executive Order, ìyẹn ìwé àṣẹ, láti ọ̀dọ̀ CARB, àjọ tó ń bójú tó afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Bí kò bá sí nọ́ńbà yìí, èéfín yín ì báà mọ́ bí omi, ẹ ti kùnà. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀ rèé: nọ́ńbà náà kò wà fún gbogbo mọ́tò. Ẹ ka ìwé àṣẹ náà, kí ẹ rí i pé irú mọ́tò, ọdún àti ẹ́ńjìnnì tiyín wà níbẹ̀. Àṣẹ tí wọ́n fún ẹ́ńjìnnì 2.0 kò gba ẹ́ńjìnnì 2.4 là. Ẹ lẹ sítíkà rẹ̀ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì níbi tí ooru kò ti ní sun ún.

Ìbéèrè: Mo yọ páìpù afẹ́fẹ́ àtilẹ̀wá, mo fi èyí tó fẹ̀ jù ú lọ sí i pẹ̀lú fílítà olóìlì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, iná check engine tàn, síkánà sì gbé kóòdù P0171 jáde. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n máa pa kóòdù náà rẹ́. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. P0171 túmọ̀ sí pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ ju epo lọ, bréènbọ́ọ̀sì sì ti fi epo kún un títí ó fi sú u. Ẹ pa á rẹ́ lónìí, á padà wá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ MAF, èyí tó ń ka afẹ́fẹ́ fún bréènbọ́ọ̀sì, kì í wo gbogbo afẹ́fẹ́ tó ń kọjá, ìwọ̀nba tó fẹ́ lu wáyà rẹ̀ ló ń wò, bréènbọ́ọ̀sì á wá fi fífẹ̀ páìpù ṣírò ìyókù. Ká ní páìpù àtilẹ̀wá fẹ̀ tó 70 mm níbi tí sẹ́ńsọ̀ wà, tí tuntun sì jẹ́ 76 mm. Ó dà bíi pé mílímítà mẹ́fà kéré, àmọ́ ojú páìpù náà ti fi nǹkan bíi 18% tóbi sí i. Afẹ́fẹ́ á rọra kọjá, tí 100 bá wọlé, bréènbọ́ọ̀sì á ka nǹkan bíi 85. Epo 85 ló máa fún un. Nígbà tí ẹ bá ń wakọ̀ jẹ́jẹ́, sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn á máa tún un ṣe. Tí ẹ bá wá tẹ àsẹlẹrétọ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, ọ̀pọ̀ bréènbọ́ọ̀sì kì í tẹ́tí sí sẹ́ńsọ̀ yẹn mọ́. Epo á kéré níbi tí ooru ti pọ̀ jù, pístíìnì ló sì máa ń jẹ gbèsè rẹ̀.

Àmọ́ ẹ má tíì dá páìpù lẹ́bi. Ẹ so síkánà mọ́ ọn, ẹ ṣí ojú ewé tó ń fi iye hàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ wo àtúnṣe epo méjèèjì, STFT (ti ìgbà kúkúrú) àti LTFT (ti ìgbà pípẹ́), kí ẹ ro wọ́n pọ̀. Ẹ wò ó ní sílóò, kí ẹ tún wò ó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí nígbà 2,500 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá ga ní sílóò, bíi +20%, tó wá já sí +4% ní 2,500, afẹ́fẹ́ kan ń jò wọlé lẹ́yìn MAF: họ́ọ̀sì tó la, kílíìpù tí kò fún, gásíkẹ́ẹ̀tì tó ti gbó. Bí kò bá yí padà tàbí tó ń ga sí i bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára, MAF ló ń kà á kù, tàbí kẹ̀, pọ́ǹpù epo ti rẹ̀. Láàárín -10% sí +10%, ẹ lè sinmi.

Fílítà olóìlì ní ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Bí òróró bá pọ̀ lára rẹ̀, atẹ́gùn á gbé e lọ sórí wáyà MAF, eruku á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ yọ sẹ́ńsọ̀ náà, ẹ fín in ní omi ìfọ̀ tí wọ́n ṣe fún MAF nìkan, ẹ má fi ọwọ́ tàbí aṣọ kàn án, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó dá a padà. Tí ẹ bá ti fi òróró pa fílítà, ẹ jẹ́ kó mu ún fún bíi ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ nu èyí tó kù kúrò. Bí gbogbo èyí bá tọ́ tí iye náà ò wálẹ̀, ọ̀nà méjì ló kù: páìpù tí ibi sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó ti àtilẹ̀wá gẹ́lẹ́, tàbí kí ẹni tó mọṣẹ́ tún ìṣirò MAF kọ nínú bréènbọ́ọ̀sì. Àwa ò ní yan èkejì bí èkíní bá wà lọ́jà.

Ìbéèrè: Ọ̀gá mẹkáníìkì, mo fi hẹ́dà (páìpù tó ń kó èéfín jọ lára ẹ́ńjìnnì) àti kátálíìsì tó ń jẹ́ kí èéfín kọjá fàlàlà sí ẹ́ńjìnnì mi. Kóòdù P0420, tó ń sọ pé kátálíìsì ò ṣiṣẹ́ tó, kò jẹ́ kí n gbádùn. Wọ́n ní kí n fi ohun ìyọsẹ́yìn kékeré kan, tó ń fa sẹ́ńsọ̀ kúrò lójú èéfín, há ìdí sẹ́ńsọ̀ kejì kí iná lè kú.

Ìdáhùn: Iná á kú lóòótọ́. Èéfín ò sì ní mọ́ sí i. Ní Amẹ́ríkà, òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ka irú nǹkan yẹn sí bíba ohun èlò èéfín jẹ́. Bí ẹ̀rọ ẹnu páìpù bá tún wà níbi àyẹ̀wò yín, ẹ fi owó ṣòfò ni.

Kátálíìsì máa ń kó ọ́síjìn pa mọ́ sínú, á sì máa tú u sílẹ̀. Nítorí náà, àmì sẹ́ńsọ̀ iwájú máa ń lọ sókè sódò, ti ẹ̀yìn máa ń dúró jẹ́ẹ́. Bí ti ẹ̀yìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó bíi ti iwájú, bréènbọ́ọ̀sì mọ̀ pé kátálíìsì ò ṣiṣẹ́ mọ́. Ọ̀pọ̀ kátálíìsì àtilẹ̀wá ní ihò bíi 400 nínú ínṣì onígun mẹ́rin kan. Àwọn ti eré-ìje sábà máa ń ní 200. Ihò tó kéré níye túmọ̀ sí ojú tó kéré fún pàládíọ̀mù àti ródíọ̀mù láti fi pàdé èéfín. Ti oníhò 400 tí wọ́n kó irin iyebíye sí dáadáa sàn fún yín.

Hẹ́dà náà tún wà níbẹ̀. Kátálíìsì kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí á fi gbóná tó nǹkan bíi 250 sí 300 ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì. Hẹ́dà gígùn tó tì í sẹ́yìn máa ń jẹ́ kó pẹ́ kó tó gbóná, ní Kalifọ́níà sì rèé, wíwá àyè tuntun fún kátálíìsì nìkan ti tó láti fi kùnà.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra kátálíìsì míì, ẹ wá ibi tó ń jò. Èéfín kì í jáde bí omi ẹ̀rọ, ńṣe ló ń jáde ní ìlù-ìlù, láàárín ìlù kan sí èkejì, ihò kékeré á fa afẹ́fẹ́ wọlé. Bí ihò náà bá wà níwájú sẹ́ńsọ̀ àkọ́kọ́, sẹ́ńsọ̀ á rò pé epo kéré, bréènbọ́ọ̀sì á fi epo kún un, CO á sì ga. Kí ẹ́ńjìnnì tútù, ẹ fi ẹnu tó ń fẹ́ atẹ́gùn jáde lára ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ sí ẹnu sálẹ́ńsà, ẹ dì í pẹ̀lú àkísà, kí ẹ wá fi omi ọṣẹ sí gbogbo oríkèé. Ibi tó bá ń hó ni. Bí ẹ bá máa lo lẹ́ẹ̀mù sílíkóònì, kí ó jẹ́ èyí tí wọ́n kọ sí lára pé kò ní pa sẹ́ńsọ̀. Sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lápá òkè páìpù, láàárín ibi tí aago máa ń fi mẹ́wàá àti méjì hàn, kí omi má baà dúró sí i lẹ́nu.

Ìbéèrè: Mo pa kóòdù rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò. Iná ò tàn, síbẹ̀ wọ́n ní mọ́tò mi “kò tíì ṣe tán”. Kí ni wọ́n ń sọ?

Ìdáhùn: Nígbà tí ẹ pa kóòdù rẹ́, tàbí tí ẹ yọ báátìrì, ẹ pa gbogbo ìdánwò tí bréènbọ́ọ̀sì ti ṣe rẹ́ pẹ̀lú. Ó gbọ́dọ̀ tún wọn ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gbà kí ìdánwò méjì ṣẹ́kù fún mọ́tò ọdún 1996 sí 2000, ẹyọ kan fún ti 2001 síwájú. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ ṣe é báyìí. Kí epo inú tẹ́ńkì wà láàárín ìdá kan sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, torí pé ìdánwò EVAP (ètò tí kì í jẹ́ kí oru epo jáde láti inú tẹ́ńkì) kì í bẹ̀rẹ̀ bí tẹ́ńkì bá kún tàbí tó fẹ́ gbẹ. Kí mọ́tò sùn mọ́jú, ó kéré tán wákàtí mẹ́jọ. Ẹ tan án, kó dúró ní sílóò fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta. Ẹ wà á jẹ́jẹ́ láàárín ìlú fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀, kí ẹ di eré kan mú láàárín 85 sí 95 kìlómítà ní wákàtí fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá míì. Ẹ wá gbé ẹsẹ̀ kúrò, ẹ má tẹ bíréèkì, kí eré náà fúnra rẹ̀ já wálẹ̀ sí bíi 30, níbi tí kò bá ti dí ẹlòmíì lọ́wọ́. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí mẹ́ta. Ìwé mọ́tò yín lè ní ìlànà tirẹ̀, ẹ fìyẹn ṣáájú. EVAP ló máa ń pẹ́ jù. Ó lè gba ọjọ́ mélòó kan.

Láti mọ́tò ọdún 2010 ni kóòdù àìlèparẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Síkánà kankan ò lè pa á, bréènbọ́ọ̀sì nìkan ló ń yọ ọ́ nígbà tó bá rí i pé àìsàn náà ti lọ.

Ìbéèrè: Bí mo bá ní kí wọ́n tún inú bréènbọ́ọ̀sì kọ fún agbára sí i, ṣé wọ́n lè mọ̀? Mọ́tò tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì ni, ẹni tó fẹ́ ṣe é sì ní òun á bá mi pa DPF (fílítà tó ń mú èédú inú èéfín) àti EGR (ohun tó ń dá díẹ̀ nínú èéfín padà sínú ẹ́ńjìnnì).

Ìdáhùn: Wọ́n lè mọ̀. Ohun tí wọ́n kọ sínú bréènbọ́ọ̀sì ní orúkọ, tó ń jẹ́ Cal ID, ó sì ní iye ìṣirò tí wọ́n ń pè ní CVN. Bí ẹnikẹ́ni bá yí lẹ́tà kan padà nínú rẹ̀, CVN á yàtọ̀. Kalifọ́níà ti ń fi méjèèjì wé ti àtilẹ̀wá tàbí èyí tó gba àṣẹ láti oṣù keje ọdún 2021. Bí wọ́n bá sì ti pa ìdánwò kátálíìsì nínú ètò náà, síkánà á sọ pé mọ́tò náà kò ní irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, nígbà tí gbogbo èèyàn mọ̀ pé ó ní in.

DPF ńkọ́? Ẹ má gbà fún un. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kejì ọdún 2014, mọ́tò tó jáde pẹ̀lú DPF tí kò sì sí níbẹ̀ mọ́ ti kùnà nìyẹn. Ẹ rántí Volkswagen ní ọdún 2015: ilé-iṣẹ́ ńlá ni, ètò tó ń tan àyẹ̀wò jẹ ni wọ́n fi sínú mọ́tò bíi mílíọ̀nù mọ́kànlá, àṣírí sì tú. Bí DPF yín bá ń dí, ẹ wá ohun tó ń dí i: ínjẹ́kítọ̀ tó ń jò, họ́ọ̀sì tọ́bò tó la, tàbí ìrìn kúkúrú lójoojúmọ́ tí kì í jẹ́ kó gbóná tó láti jó èédú inú rẹ̀.

Ìbéèrè: Kámù tuntun mi (irin tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì) ń mú kí mọ́tò máa gbọ̀n ní sílóò, HC sì wọ 400 ppm. Ṣé pọ́lọ́ọ̀gì ni?

Ìdáhùn: Ó lè ṣe díẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ kámù náà ni. Ó ń jẹ́ kí fáàfù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé àti èyí tó ń lé èéfín jáde jọ ṣí sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, epo tí kò jó á gba ibẹ̀ sá jáde. Pọ́lọ́ọ̀gì tuntun, ọ́ìlì tuntun (èyí tó ti pẹ́ máa ń ní epo nínú, tí PCV, ọ̀nà tó ń dá oru inú ẹ́ńjìnnì padà síbi afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, á máa fà padà) àti ẹ́ńjìnnì tó gbóná dáadáa lè dín in kù. Wọn ò lè gé e sí ìdajì. Ẹ wá kámù tí àkókò ìjọṣí rẹ̀ kúrú.

Ìbéèrè: Agolo tó ń gba ọ́ìlì lọ́nà PCV ńkọ́?

Ìdáhùn: Kò burú, bí họ́ọ̀sì rẹ̀ bá padà sọ́nà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì. Èyí tó ní fílítà kékeré lórí, tó ń tú èéfín sí gbangba, ló ń kùnà. Ní Kalifọ́níà, òun náà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà.