Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Wíwá Alábàáṣiṣẹ́ Ẹ̀rọ ní Òkè Òkun

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Gàrí ni mò ń ṣe, mo sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí àwọn oníbúrẹ́dì ń rà. Mo ti kọ̀wé sí àwọn iléeṣẹ́ òkè òkun pé mò ń wá ẹ̀rọ tí yóò máa mú un gbẹ. Ọ̀pọ̀ wọn kò dáhùn, àwọn tó dáhùn kàn fi iye owó ránṣẹ́ ni. — *Ìyá oníyẹ̀fun, Ìwó*

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú akitiyan. Ó jọ pé lẹ́tà yín kò sọ ohun tí ẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà kan wà tó ń wá ju gbogbo rẹ̀ lọ: kílò omi mélòó ni ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ lé kúrò ní wákàtí kan? Ẹ lè rí i fúnra yín. Ẹ wọn kílò 1 ẹ̀gẹ́ tí ẹ ti rin, tí ẹ sì ti fún omi rẹ̀. Ẹ mú un gbẹ títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní dín mọ́, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí ó bá ku gíráàmù 500, ìdajì rẹ̀ ni omi. Nínú ìyẹ̀fun tó dára, omi kì í ju ìdá 12 nínú 100 lọ. Nítorí náà, kí ẹ tó rí tọ́ọ̀nù 1 ìyẹ̀fun lójúmọ́, ẹ ní láti lé nǹkan bíi kílò 760 omi kúrò. Bí ẹ bá ń fi wákàtí 8 ṣiṣẹ́, kílò 95 ní wákàtí kan nìyẹn.

Ẹ kọ nọ́ńbà yìí sókè ìwé ojú kan péré. Ẹ fi irú iná mànàmáná yín àti ohun tí ẹ ó máa fi dáná (gáàsì, dísẹ́ẹ̀lì tàbí èèpo ẹkùrọ́) sí i, iye owó tó wà nílẹ̀, àti ohun tí ẹ ń fẹ́ gan-an: ṣé kí wọ́n ta ẹ̀rọ fún yín ni, àbí kí wọ́n fún yín láṣẹ láti ṣe é níbí? Ẹ sọ bí ẹ ṣe ń rí ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú. Tọ́ọ̀nù 4 sí 5 tútù ló ń di tọ́ọ̀nù 1 ìyẹ̀fun, ẹ sì gbọ́dọ̀ bó o, fọ̀ ọ́, rin ín, kí ẹ sì mú un gbẹ láàárín wákàtí 24 tí wọ́n wà á, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò kan, àwọ̀ rẹ̀ yóò sì yí. Ẹ̀rọ ńlá tí kò rí ẹ̀gẹ́ tó ń jẹ owó lásán ni.

Kí ẹ tó kọjá òkun, ẹ kọ́kọ́ dé FUNAAB (yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀) ní Abẹ́òkúta, IITA (iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀) ní Ìbàdàn àti FIIRO (iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba lórí iṣẹ́ ẹ̀rọ) ní Oṣòdì. Wọ́n ti bá àwọn alágbẹ̀dẹ ẹ̀rọ wa ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́. Tí ẹ bá ṣì fẹ́ ti òkè òkun, ẹ wo Brazil, níbi tí wọ́n ti ń yan farinha tó jọ gàrí. Iléeṣẹ́ ìwádìí Embrapa ní ẹ̀ka ẹ̀gẹ́ ní Cruz das Almas, ní Bahia. Èdè Potogí ni kí ẹ fi kọ̀wé sí àwọn oníṣẹ́ kékeré ibẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹnìkan ní Brazil fẹ́ ta ẹ̀rọ tí wọ́n ti lò díẹ̀ fún mi. Ṣé iná wa á gbé e? — *Òǹkàwé kan, Ṣakí*

Ìdáhùn: Kò ní bá a mu bó ṣe wà yẹn. 60 Hz ni iná Brazil (Hz ni iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), tiwa jẹ́ 50 Hz. Mọ́tọ̀ tó ń yípo ìgbà 1,750 ní ìṣẹ́jú kan lọ́hùn-ún yóò máa yípo nǹkan bí 1,450 níbí. Fáànù inú ẹ̀rọ náà yóò pàdánù ìdá kan nínú mẹ́fà atẹ́gùn rẹ̀, agbára tó fi ń ti atẹ́gùn náà yóò sì dín ní nǹkan bí ìdá 30 nínú 100, ìyẹ̀fun yóò wá jáde ní tútù. Bí mọ́tọ̀ náà bá jẹ́ ti 380 V ní 60 Hz, tí ẹ wá fi sí 415 V wa, yóò gbóná títí wáyà inú rẹ̀ yóò fi jóná. Ó máa ń dùn wá bí a bá gbọ́ pé owó tí wọ́n yá ni wọ́n fi ra irú mọ́tọ̀ tó jóná bẹ́ẹ̀.

Ẹ ní kí wọ́n fi mọ́tọ̀ 50 Hz, 415 V sí i, kí wọ́n sì pààrọ̀ púlì rẹ̀ (èyí tí bẹ́líìtì ń yí) kí eré fáànù má yí padà. Iná Íńdíà bá tiwa mu. Ti Ṣáínà jẹ́ 50 Hz, ṣùgbọ́n 380 V ni, nítorí náà ẹ sọ fún wọn ṣáájú. Ẹ béèrè nọ́ńbà gbogbo bíárìn (irin róbótó tí ọ̀pá ẹ̀rọ ń yí nínú rẹ̀) pẹ̀lú. Èyí tó bá jẹ́ 6205, ẹ ó rí i rà nítòsí. Èyí tí iléeṣẹ́ kan ṣoṣo ń ṣe lè dá iṣẹ́ yín dúró fún oṣù kan.

Ìbéèrè: Ìwé àdéhùn lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ dé láti ilẹ̀ òkèèrè: a ó máa san ìdá 4 nínú 100 owó ọjà wa fún wọn fún ọdún 15, a ó sì máa ra gbogbo páàtì lọ́wọ́ wọn nìkan. Wọ́n ní ká fọwọ́ sí i lọ́sẹ̀ yìí. — *Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan, Ìjẹ̀bú-Òde*

Ìdáhùn: Ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Láàárín ọjọ́ 60 tí ẹ bá fọwọ́ sí irú ìwé yìí ni ẹ gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NOTAP, àjọ ìjọba tó ń rí sí àdéhùn ìmọ̀ ẹ̀rọ, tí òfin ọdún 1979 dá sílẹ̀. Láìsí ìwé ẹ̀rí wọn, báńkì kò gbọdọ̀ bá yín fi owó náà ránṣẹ́. Òfin yẹn fún wọn láyè láti má ṣe gba àdéhùn tó ju ọdún 10 lọ, èyí tó bá so yín mọ́ olùta páàtì kan, tàbí èyí tó ní kí ẹ fi àtúnṣe tí ẹ bá ṣe sí ẹ̀rọ lé wọn lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Méjì nínú mẹ́ta yẹn ti wà nínú tiyín. Ẹ dá a padà, kí lọ́yà yín tún un kọ.

Ẹ tún bi wọ́n léèrè orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti gba ẹ̀tọ́ àbò (pátẹ́ńtì) lórí ẹ̀rọ náà. Ilẹ̀ tí wọ́n ti gbà á nìkan ló ń bò. Bí wọn kò bá gbà á ní Nàìjíríà, a jẹ́ pé ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ ń sanwó fún, kí iye ọjọ́ tí onímọ̀ ẹ̀rọ wọn yóò fi wà lọ́dọ̀ yín sì wà nínú ìwé náà.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe ń mọ̀ pé iléeṣẹ́ òkè òkun wà lóòótọ́? — *Òǹkàwé kan, Òndó*

Ìdáhùn: Ẹ gba nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ wọn. Ti Ṣáínà jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 18, ti Íńdíà 21. Ti Gẹ̀ẹ́sì, Companies House, ọ́fíìsì tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ń fi í hàn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Orúkọ àkáǹtì gbọ́dọ̀ bá orúkọ iléeṣẹ́ mu. Bí ímeèlì bá dé pé àkáǹtì ti yí padà, ẹ pe nọ́ńbà fóònù tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe èyí tó wà nínú ímeèlì náà. Ìdá 30 nínú 100 owó ẹ̀rọ ni wọ́n sábà máa ń gbà ṣáájú. Ẹ dúnàádúrà kí ìdá 10 wà lọ́wọ́ yín títí ẹ̀rọ yóò fi ṣiṣẹ́ níwájú yín, kí ẹ sì ní kí báńkì yín ṣí Form M (ìwé tí a fi ń kéde ọjà tí a fẹ́ kó wọlé) kí ẹrù tó gbéra.