Káfíńtà ti gba owó kíṣìn, iṣẹ́ ò parí, èyí tó ṣe gan-an ò dáa: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán o, ọ̀gá wa. Lugbe l'Abuja níbí la ń gbé. A gbé iṣẹ́ kábínẹ́ẹ̀tì kíṣìn fún káfíńtà kan, a jọ sọ ọ́ sí 2.4 mílíọ̀nù náírà, granite wà nínú ẹ̀, ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lòun máa fi ṣe é. A ti san 1.9 mílíọ̀nù. Oṣù kẹrin la wà yìí. Ó ti to ti ìsàlẹ̀, ó ti gbé ti òkè kọ́ sára ògiri, àmọ́ àwọn ilẹ̀kùn ẹ̀ ò bára mu, ọ̀kan ga ọ̀kan kúrú, granite ò tíì dé. A kàn gbé sìńkì lé e bẹ́ẹ̀ ká lè máa ríbi fọ abọ́, ìsàlẹ̀ abẹ́ sìńkì yẹn náà ti wú. Ó tún wá ní granite ti wọ́n, kí n mú 300,000 wá kún un. Tí mo bá pè é, "ọ̀la, Màmá, ọ̀la ni." Bàbá Ìbejì ní ká kó ọlọ́pàá lọ bá a, èmi fẹ́ pe káfíńtà mìíràn kó wá parí ẹ̀. Ohun tó jẹ́ kó le ni pé ọmọ ìlú wa ni, ìpàdé ìlú la ti mọ̀ ọ́n. Kí ni kí n ṣe? (Ìyá Ìbejì, Lugbe)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo abọ́ tó wà nínú kábínẹ́ẹ̀tì òkè yẹn sílẹ̀ lónìí. Mi ò fi ṣàwàdà o. Inú búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi ń kọ́lé níbí ṣófo, tí káfíńtà bá kàn lu ihò, tó ki plug oníke sí i, tó fi screw kéékèèké dè é, á dúró, á dáa lójú, títí ọjọ́ tí ẹ bá to àwo tánganran sí i. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù yín wo ẹ̀yìn inú lọ́hùn-ún. Pákó tó bo ẹ̀yìn kábínẹ́ẹ̀tì máa ń fẹ́lẹ́, òmíràn ò ju páálí tó nípọn lọ. Tó bá jẹ́ inú èyí tó fẹ́lẹ́ yẹn nìkan ni screw gbà kọjá wọ ògiri, kò sí nǹkan kan tó di kábínẹ́ẹ̀tì yẹn mú. Ó yẹ kí igi tó nípọn kan dábùú lókè ẹ̀yìn ẹ̀, kó jẹ́ pé inú igi yẹn ni screw gùn ti gbà wọlé. Ẹ wá di etí ìsàlẹ̀ ẹ̀ mú, ẹ fà á síwájú jẹ́jẹ́. Tó bá mì, tàbí tí àlàfo ti wà láàárín òun àti ògiri lókè, ẹ má jẹ́ kí àwọn ìbejì ṣeré lábẹ́ ẹ̀ rárá. Ìyẹn ló máa ṣáájú nínú ohun tí ẹ máa kọ ránṣẹ́ sí i, kó tó kan ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn tàbí granite.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sọ tòun tìyẹn. Ọjọ́ tí ẹ san 1.9 nínú 2.4 ni ọ̀rọ̀ yìí ti bàjẹ́, torí ìyẹn ń lọ sí bíi 80 percent owó iṣẹ́, iṣẹ́ ò sì tíì dé ìdajì. Mi ò fi bú yín, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn, káfíńtà á ní bọ́ọ̀dù ń wọ́n sí i lójoojúmọ́, kí ẹ jẹ́ kóun tètè rà á sílẹ̀, ẹ̀yin náà á ní ọmọ ìlú wa ni, ẹ ó gbé owó fún un. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe olè o, mo ń bá wọn ṣiṣẹ́, mo mọ̀ wọ́n. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé owó tiyín ló fi parí iṣẹ́ ẹni tó wà ṣáájú yín, ó wá ń retí kí ẹlòmíràn gbé iṣẹ́ wá kó lè fi owó ìyẹn parí tiyín, tí ẹnì kankan ò bá wá gbé iṣẹ́, ọ̀la ni ẹ ó máa gbọ́. Torí náà 300,000 tó ń bèèrè yẹn, ẹ má fún un. Granite wà nínú 2.4 tí ẹ jọ sọ. Tó bá jẹ́ pé ó ti wọ́n lóòótọ́, ìgbà tó jókòó lé owó yín ló wọ́n, ká ní ó parí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó dá, iye àná ló máa rà á.

Lórí ọ̀rọ̀ granite yìí, káfíńtà lè sọ pé ẹni tó ń gé e ò tíì wá wọ̀n ọ́n, òótọ́ sì ni pé wọn kì í wọ̀n ọ́n títí kábínẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ á fi jókòó dáadáa, torí tí ẹ bá gé e tán tí kábínẹ́ẹ̀tì bá tún sún, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, granite kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń fà gùn. Àmọ́ ti ìsàlẹ̀ yín ti wà níbẹ̀, àwáwí yẹn ti tán. Ẹ bèèrè ẹni tó ń gé e fún un, ẹ bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀ fúnra yín, kó wá wọ̀n ọ́n lójú yín, kí ẹ sì san owó ẹ̀ tààrà, ẹ gba rìsíìtì tó ní orúkọ yín. Ohun tí ẹ bá san, ẹ yọ ọ́ nínú 500,000 tó kù lọ́wọ́ yín. Àmọ́ kí ẹni yẹn tó gbé téèpù ẹ̀ jáde, ẹ gbé spirit level, irinṣẹ́ tí omi inú ẹ̀ ń fi hàn bóyá nǹkan tẹ́jú, lé orí kábínẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀, ní ìbú àti ní gígùn, kí ẹ rí i pé ó tẹ́jú. Tí kò bá tẹ́jú, káfíńtà ló máa tún un ṣe, kì í ṣe ẹni tó ń gé granite ló máa fi sìmẹ́ńtì rọ́ ọ mọ́bẹ̀. Mo ti rí i kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, ìwà burúkú gbáà ni.

Nípa iṣẹ́ tí kò dáa, ẹ má kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Ilẹ̀kùn tí ò bára mu yẹn lè má jẹ́ nǹkan kan. Tí hinge ẹ̀ bá jẹ́ èyí tó máa ń fara pamọ́ sínú, tó ní ojú roboto tí wọ́n rì sínú ilẹ̀kùn, screw bíi méjì mẹ́ta wà lára ẹ̀ tí wọ́n fi ń sún ilẹ̀kùn sókè sódò, sọ́tùn-ún sósì, screwdriver lásán ni, kò ní tó wákàtí kan fún gbogbo kíṣìn. Káfíńtà tó bá ní àfi kí òun ṣe ilẹ̀kùn tuntun torí ìyẹn, owó ló ń wá. Ibi tí wàhálà wà ni tí ihò tí screw wọ̀ bá ti fẹ̀, tí ẹ ń yí i tí kò mú, tàbí tí ilẹ̀kùn fúnra ẹ̀ bá tẹ̀. Ẹ fi rúlà gígùn tàbí okùn tó le kọjá láti igun kan sí ìkejì, ẹ ó rí i.

Ẹ tún gbọ́ èyí o, torí ó máa sọ ọ́: á ní ọyẹ́ ló fà á. Tó bá jẹ́ igi gidi ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀kùn, ó lè rí bẹ́ẹ̀, igi tí wọ́n gbé wá láti gúúsù tí kò tíì gbẹ dénú, tí ọyẹ́ Abuja bá fẹ́ sí i, á súnkì, á là, á tẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ HDF tàbí MDF, àwọn bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi igi lílọ̀ tẹ̀ pọ̀, ìyẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà fún ọyẹ́, omi ni ọ̀tá tiẹ̀.

Omi ló wá gbé wa dé abẹ́ sìńkì. Bọ́ọ̀dù tó bá ti wú ò ní sọ̀ mọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín pé tó bá gbẹ á padà sípò. Pàápàá tó bá jẹ́ particle board, ìyẹn èyí tí wọ́n fi igi rírún àti gúlù tẹ̀ pọ̀, ẹ máa rí i nínú ihò tí wọ́n gé fún páìpù, inú ẹ̀ á rí gbúrugbùru bíi gàrí tí wọ́n dà omi díẹ̀ sí. Yíyọ ni wọ́n máa yọ ọ́, kí wọ́n fi plywood tí omi kì í tètè bà jẹ́ rọ́pò ẹ̀. Kí ẹ sì wo ihò páìpù yẹn dáadáa, tí wọ́n bá gé e sílẹ̀ gbayawu, tí wọn ò fi silicone tàbí tépù dí etí ẹ̀, ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé, àṣìṣe káfíńtà nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí n má tàn yín, sìńkì tí ẹ̀yin gbé lé e láì dí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, òun náà máa fi dá yín lóhùn, tí ẹ bá sì dé iwájú àgbà, wọ́n á ní ó lẹ́tọ̀ọ́ díẹ̀. Torí náà ẹ gbé sìńkì yẹn kúrò lórí ẹ̀ báyìí, ẹ padà sí bàsíà fún ìgbà díẹ̀, kó má lọ wú sí i kó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yín ló máa rẹ̀yìn.

Ẹ wá kọ ọ́ sílẹ̀. Kì í ṣe voice note o, torí voice note tí èèyàn fi ìbínú sọ, ọjọ́ kejì ni ojú ń tì í. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ibi tí kò dáa, ẹ wá tẹ̀ ẹ́ sí WhatsApp pẹ̀lú ìtẹríba, báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ kíṣìn tí a jọ sọ sí 2.4 mílíọ̀nù, mo ti san 1.9, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ dá, oṣù kẹrin rèé. Ohun tó kù ni kábínẹ́ẹ̀tì òkè tó ń mì, granite, ilẹ̀kùn tí ò bára mu, àti bọ́ọ̀dù abẹ́ sìńkì. Mo fún yín ní ọjọ́ 14 láti òní. Tí kò bá parí nígbà yẹn, màá gbé e fún ẹlòmíràn, màá yọ owó ẹ̀ nínú 500,000 tó kù, tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yin lẹ máa san ìyókù. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fèsì kí n mọ̀ pé ẹ rí i." Tó bá ti fèsì pé "Màmá, ẹ má bínú, mo ń bọ̀," ó ti gbà pé iṣẹ́ ò parí nìyẹn, ẹ má pa á rẹ́.

Káfíńtà kejì lè wá wò ó láàárín ọjọ́ 14 yẹn, kó kọ iye tó máa gbà á sórí pépà, àmọ́ kó má fọwọ́ kan nǹkan kan o. Tó bá fọwọ́ kàn án, ti àkọ́kọ́ á ní ẹni yẹn ló bà á jẹ́, kò sí bí ẹ ṣe máa já a ní koro. Kí ẹ sì pe ju ẹnì kan lọ, torí káfíńtà wo lẹ rí rí tó dé ibi iṣẹ́ ẹlòmíràn tó ní iṣẹ́ yìí dáa? Gbogbo wọn á máa ṣu ẹnu jọ, á ní ká tú u ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ká ní ẹni tí ẹ gbà gbọ́ ní 450,000 ló máa parí gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú granite, owó ọwọ́ yín ká a, ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ máa lọ ní àlàáfíà. Tó bá jẹ́ 800,000 ló pè é, 300,000 ni káfíńtà yín jẹ yín nìyẹn, ẹ ti ní iye kan pàtó tí ẹ lè bèèrè, ó sàn ju kéèyàn máa pariwo pé wọ́n ti jẹ òun lówó lọ.

Ti ọmọ ìlú yẹn, mi ò rò pé ìṣòro ni, àǹfààní ni tí ẹ bá mọ̀ ọ́n lò. Ẹ má sọ ọ́ nínú ìpàdé ìlú lójú gbogbo èèyàn, tí ẹ bá ti tẹ́ ẹ, kò ní fojú kàn yín mọ́, fóònù ẹ̀ á kú. Ẹ wá alága tàbí àgbà kan tí káfíńtà yìí ń bẹ̀rù, ẹ fi fọ́tò àti WhatsApp yẹn hàn án ní kọ̀rọ̀, kí ẹ̀yin mẹ́ta jókòó, kí káfíńtà dá ọjọ́ níwájú ẹni yẹn. Mo ti rí iṣẹ́ tó parí láàárín ọ̀sẹ̀ kan nítorí ìjókòó bẹ́ẹ̀.

Ẹ bá mi sọ fún Bàbá Ìbejì pé kí wọ́n fi ọlọ́pàá sílẹ̀. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn tìtorí àdéhùn tó bàjẹ́ lásán, tí wọ́n bá sì mú un, owó tí ẹ máa ná ní stéṣọ̀n lè tó ra granite. Ohun tó wà fún yín ni òfin oníbàárà ti 2018, FCCPA, òun ló sọ pé ẹni tó gba iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe é lásìkò, kó sì dáa bó ṣe yẹ, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, oníbàárà lè ní kó tún un ṣe tàbí kó dá lára owó padà. FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ló ń bójú tó o, Abuja níbí ni olú-iléeṣẹ́ wọn wà, ẹ lè kọ ẹ̀sùn sí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kóòtù small claims, ìyẹn ti gbèsè kéékèèké, náà wà, àmọ́ owó tó ní iye pàtó ni wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀ níbẹ̀, ìdí tí mo fi ní kí ẹ gba pépà lọ́wọ́ káfíńtà kejì nìyẹn.

Tó bá wá padà wá parí ẹ̀, ẹ má san ìyókù lọ́jọ́ tó bá kó irinṣẹ́ ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí omi sáré nínú sìńkì, ẹ fi tíṣù nu abẹ́ páìpù wò, ẹ to abọ́ padà sókè, ẹ lò ó fún bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó gbé owó fún un. Tí ẹ bá ya fọ́tò abẹ́ sìńkì àti ẹ̀yìn kábínẹ́ẹ̀tì òkè yẹn, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, màá sọ fún yín èyí tó yẹ kó yọ àti èyí tó lè wà níbẹ̀.