Ìbéèrè Yín Lórí Orin: Kí Ọ̀rọ̀ Gángan Má Bàa Sọnù Lórí Ìtàgé

ÌBÉÈRÈ: Ẹni mọ́kànlá ni wá nínú ẹgbẹ́ wa. Àfróbíìtì ni ìpìlẹ̀ orin wa, a wá ń po jùjú àti fúnkì mọ́ ọn. Tá a bá ń dánra wò, ọ̀rọ̀ gángan máa ń yéni ketekete, ṣùgbọ́n tá a bá dé òde, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ohun tó ń wí. A ti yí ohùn rẹ̀ sókè títí máíkì fi ń han fíìì. Kí ni ká ṣe? (Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Orin yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ni gángan fi ń fọhùn, bó sì ṣe ń yọ́ láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì ni ọ̀rọ̀ fi ń yé olùgbọ́. Bí fèrè mẹ́ta bá ń fọn lákòókò yẹn, ìyọ́ náà á bò mọ́lẹ̀, ìró kọ̀ǹgọ́ lára awọ nìkan ni yóò kù. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin lẹ́ẹ̀mẹrin fún onílù, kí fèrè dákẹ́ pátápátá títí yóò fi parí gbólóhùn rẹ̀, kí wọ́n tó dáhùn.

Gìtá ló kàn. Ẹ fetí sí ẹgbẹ́ King Sunny Adé nínú àwo Juju Music tó jáde lọ́dún 1982. Gìtá pọ̀ níbẹ̀, pedal steel, gìtá tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ta tí ohùn rẹ̀ ń yọ́, tún wà láàárín wọn, síbẹ̀ ìlù ń sọ̀rọ̀, torí ìpín kékeré ni gìtá kọ̀ọ̀kan ń tún tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni gìtá tẹ́nọ̀ nínú orin Fela: okùn kan lẹ́ẹ̀kan, láìgbo gbogbo okùn pọ̀.

Ẹ̀yìn èyí lẹ tó wá bá ẹ̀rọ. Ẹ gbé máíkì sí nǹkan bí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí ojú tí kọ̀ǹgọ́ ń bà, kí ó dagun díẹ̀, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí sìpíkà tí ẹ fi ń gbọ́ ara yín. Bí onílù bá jẹ́ ẹni tó ń jó kiri, máíkì kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ara ìlù ló dára jù. Lórí ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń po ohùn pọ̀, ẹ dín gìtá àti kíbọ́ọ̀dù kù díẹ̀ láàárín 250 sí 400 Hz (Hz ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó), kí gángan ríbi dúró sí. Ẹ má ṣe lo gate, ìyẹn ẹ̀rọ tó máa ń pa ohùn tó bá ti lọ sílẹ̀ jù, fún un rárá! Ìparí ohùn tó ń yọ́ lọ sílẹ̀ ló máa ń gé, ibẹ̀ gan-an sì ni ìtumọ̀ máa ń wà.

Ẹ ṣọ́ ojú ọjọ́ pẹ̀lú. Ìrì alẹ́ máa ń mú kí awọ dẹ̀, ohùn á wálẹ̀. Ọyẹ́ máa ń fà á le, ó sì lè là á. Ẹ tọ́jú gángan kejì sí ìtòsí.

ÌBÉÈRÈ: Orin wa máa ń sáré kó tó parí. Ta ló jẹ̀bi?

ÌDÁHÙN: Lọ́pọ̀ ìgbà, onídírọ́ọ̀mù àti oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni kò gbọ́ ara wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹni tó ń lu igi méjì wà láàárín wọn, kí ohùn igi náà sì wà nínú sìpíkà gbogbo ẹgbẹ́. Ẹ fi ẹ̀rọ aka-ìlù dánra wò ní ìwọ̀n ìlù 110 ní ìṣẹ́jú kan, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìdúró. Ẹ má tíì fi ọ̀ṣọ́ kankan kún orin, àfi tí ìlù bá ti jókòó dáadáa. Tony Allen, tó bá Fela lùlù títí di òpin àwọn ọdún 1970, kì í fi agbára gbá ìlù. Ọwọ́ fúyẹ́ lórí hi-hat, páànù méjì tó ń pàdé lára dírọ́ọ̀mù, ló fi ń gbé ẹgbẹ́ ró. Ẹni tó bá ń gbá a kíkankíkan yóò tètè rẹ̀ ẹ́, àárẹ̀ a sì sọ ọ́ di ẹni tó ń sáré.

ÌBÉÈRÈ: Sìpíkà ń kùn hùn-ún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

ÌDÁHÙN: Ẹ ya iná ìtàgé kúrò lára wáyà tó ń gbé iná fún ẹ̀rọ ohùn. Ẹ tún rí i pé gbogbo ẹ̀rọ ohùn ń gba iná láti ojú kan náà, pẹ̀lú wáyà ilẹ̀ tó pé. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yọ wáyà ilẹ̀ torí kí kíkùn lè dúró. Iná lè gbá ẹni tó fọwọ́ kan gìtá àti máíkì papọ̀.