Èsì: Kí la lè fi yẹ́ àwọn àgbà àdúgbò sí?

Ẹ kú làálàá o, akọ̀wé. Ẹ ní ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù yín n'Íbàdàn fẹ́ yẹ́ àwọn àgbà àdúgbò sí, ẹ wá ń bèèrè bóyá àwọ́ọ̀dù àti àpò ìrẹsì ti tó. Ìrẹsì ò burú, ta ló máa kọ̀ ọ́? Ṣùgbọ́n èmi ì bá kọ́kọ́ rán àwọn ọ̀dọ́ sí wọn, kí wọ́n lọ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Ta ló yọ̀ǹda ilẹ̀ tí ọ̀nà fi gba ibẹ̀ kọjá? Ta ló ń gba owó òpó iná kiri ojúlé? Ìyá wo ló ń gbẹ̀bí kí ọsibítù tó dé ìtòsí? Lọ́jọ́ ayẹyẹ, ẹ kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti orúkọ ẹni tó ṣe é. "Bàbá wa gbìyànjú" lásán ò dùn létí.

Ní ti ọjọ́, 1 October ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún àwọn àgbàlagbà ní 1990. Ọjọ́ òmìnira wa náà ni, ọlidé sì ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má to àga wọn sínú oòrùn láti aago mẹ́wàá nítorí káńsẹ́lọ̀ tí kò tíì kúrò nílé. Ìyà nìyẹn jàre.

Bówó bá ṣẹ́ kù, ẹ háyà mọ́tò, kẹ́ ẹ kó àwọn tó bá fẹ́ lọ sílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tó wà ní ọsibítù UCH láti 2012, kí wọ́n bá wọn yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Ẹ kọ́kọ́ bá àwọn ọmọ wọn sọ ọ́ o.