Fọ́ọ̀mù oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí ilé ìwé fi ránṣẹ́

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Àkúrẹ́ ni wá, Leeds la wà. Ọmọ wa ọkùnrin ti wọ Year 3, wọ́n ní oúnjẹ ọ̀fẹ́ tó ń jẹ láti Reception, kíláàsì àkọ́kọ́, ti parí, àfi tí a bá kọ fọ́ọ̀mù. Ọkọ mi yarí, ó ní òun ò wá sílùú òyìnbó wá tọrọ oúnjẹ. Ìyá rẹ̀ náà pè láti Ìjàpó ní Àkúrẹ́ pé kí a má sọ ọmọ àwọn di alágbe. Ní tèmi, físà ló ń bà mí lẹ́rù. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà la bá wọlé, wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé a ò gbọ́dọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ kú wàhálà. Àkúrẹ́ gan-an ni mo ti ń dá yín lóhùn, mo wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ àǹtí mi. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ló tà lẹ́nu géètì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ka ọ̀rọ̀ yín fún un níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ. Kò gbójú sókè. Ó ní ọmọkùnrin kan wà nígbà yẹn tí ìyá rẹ̀ kì í rówó fún. Tó bá ti tò dé iwájú, àǹtí mi á bu ìrẹsì ṣíbí méjì, á da ọbẹ̀ lé e, á wá pariwo kí gbogbo ìlà lè gbọ́: "Ìyá ẹ ti san tìẹ láàárọ̀!" Ìyá wo ló san kọ́bọ̀? Ó ní ojú àwọn ọmọ yòókù ló ń lé ọmọ náà nídìí ìrẹsì.

Ohun tí ọkọ yín ń sá fún nìyẹn. Ní ilé ìwé àwọn ọmọ mi, orúkọ nìkan ni ẹni tó ń bu oúnjẹ ń wò. Ẹni tó sanwó àti ẹni tí kò san, àwo kan náà ni. Ọmọ mi kejì jẹ ẹ́ fún ọdún mẹ́ta, òun alára ò mọ̀.

Ti físà: oúnjẹ ilé ìwé ò sí lára ohun tí Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí físà, ń pè ní public funds, ìyẹn owó ìrànwọ́ ìjọba tí wọ́n ní kẹ́ ẹ má gbà. Láti 2022 ni ìjọba ti ṣí i sílẹ̀ títí lọ ní England fún ọmọ àwọn tó wà lórí irú físà yín, bí owó tó ń wọlé ò bá ju iye tí wọ́n dá, tí owó ìfipamọ́ ò sì ju £16,000 lọ. Iye owó tó ń wọlé tí wọ́n dá yẹn yàtọ̀ ní London, iye ọmọ sì ń yí i padà, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó kọ ọ́. Ẹ má sì lọ máa tẹ ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì ti àwọn tó ń gba Universal Credit, owó ìrànwọ́ ìjọba fún àwọn tí owó wọn ò tó, kò ní bá orúkọ yín níbẹ̀. Ọ́fíìsì ilé ìwé ni kẹ́ ẹ lọ.

Èyí tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi nígbà tèmi ni Pupil Premium. Orúkọ tó bá ti wọ fọ́ọ̀mù oúnjẹ yẹn, ìjọba ń san owó lé e lórí fún ilé ìwé, ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n sì ń kà á. Òun ni wọ́n fi ń gba olùkọ́ tó ń jókòó ti ọmọ tí ìwé kíkà ò tètè yé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bẹ òbí àwọn ọmọ Reception pàápàá kí wọ́n kọ ọ́, nígbà tó jẹ́ pé láti September 2014 ni Reception sí Year 2 ti ń jẹ ọ̀fẹ́ láìkọ nǹkan kan. Ó dùn mí pé mi ò tètè mọ̀.

Oúnjẹ wọn ò ní ata, mi ò ní purọ́. Ọmọ mi á kàn máa ti ọ̀dùnkún kiri àwo ni. Friday nìkan ni kì í jà, torí ẹja díndín. Ọjọ́ tó bá wù ú, ẹ bá a di jọ́lọ́ọ̀fù, kò sẹ́ni tó ní kó máa jẹ tiwọn lójoojúmọ́.

Ní ti ìyá ọkọ yín, Sátidé ni mo ń padà. Àǹtí mi ní kí ẹ júwe ilé wọn ní Ìjàpó, òun á gbé mọ́ínmọ́ín dání lọ kí wọn.