Bóòtù kálípà tó kọ̀ tí ò fẹ́ tú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ní ẹ fẹ́ pààrọ̀ páàdì búréèkì iwájú mọ́tò yín, bóòtù kan lára kálípà (irin tó ń fún páàdì mọ́ dísìkì) wá kọ̀ tí ò fẹ́ tú, orí ẹ̀ sì ti ń di roboto. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sípánà ẹlẹ́nu ṣíṣí yẹn sílẹ̀, òun ló ń jẹ ẹ́ lórí. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà ẹ̀, ẹ fọ́n WD-40 (epo inú agolo tó ń tú ohun tó bá ti dípẹtà) síbi tó ti wọlé, kó mu ún fún bí ìṣẹ́jú 20, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó kan dísìkì tàbí páàdì o, búréèkì ò ní mú.

Sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà lẹ máa lò, ẹ ki páìpù gígùn bọ ọwọ́ ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fún un le díẹ̀, tó bá ti ké "kẹ́ẹ̀" báyìí ìpẹtà ti já nìyẹn, ẹ wá dá a padà. Ẹ wo ọwọ́ tẹ́ ẹ ń yí i dáadáa, torí ẹ̀yìn ni orí ẹ̀ kọjú sí, èmi náà fún tèmi le fún bí wákàtí kan nílé wa ní Iléṣà níbí, mo rò pé mo ń tú u ni.

Ẹ má yọná sí i, rọ́bà epo búréèkì wà nítòsí. Jáàkì nìkan ò sì tó o, ẹ gbé mọ́tò lé sítáńdì kẹ́ẹ tó fa páìpù yẹn.